Hilux onídísù tuntun mi ń gbọ̀n, iná sì tàn ní dáṣíbọọ̀dù. Kí ni kí n ṣe?

Baba_Eleyin (Ògbómọ̀ṣọ́), Ọjọ́ Àìkú, 7:52 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ra Hilux onídísù, 2.4, tíà-rọ́bà. Ẹyin ni mo fi ń kó láti oko mi lọ sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, màá sì kó oúnjẹ adìyẹ bọ̀. Látọjọ́ tí mo ti ń wakọ̀, bẹntiróò ni mo mọ̀. Dísù tí mo mọ̀ kò ju ti jẹnẹrétọ̀ oko lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo yà sí ilé epo kan lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ torí pé owó wọn fi náírà 35 dín sí ti ibi tí mo ti máa ń rà á. Wọ́n ń já epo lọ́wọ́ nígbà tí mo dé, tẹ́ńkà ṣì wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ epo mi wà ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Mo ní kí ọmọbìnrin tó ń ta epo kún un fún mi, mẹ́tà kà dé lítà 74. Mo sanwó, mo lọ.

N ò tíì rìn tó 20 kìlómítà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà tì-tì, bí ìgbà tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ mọ́tò bá ń já kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Iná kan tàn ní dáṣíbọọ̀dù, ó dà bí ife tí omi ń kán nísàlẹ̀ ẹ̀. Mo rọra wà á délé. Láàárọ̀ yìí ó ṣẹ́ná, àmọ́ gbogbo ara ẹ̀ ló ń gbọ̀n.

Ẹnu wá pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tà á, kí n lọ ra oníbẹntiróò 2.7. Mẹkáníìkì tó ń tún jẹnẹrétọ̀ mi ṣe ní kí n da lítà márùn-ún karosíìnì sí táńkì, pé á fọ ọ̀nà epo mọ́. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n má tan án mọ́ rárá. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lo dísù, báwo lẹ ṣe ń rà á tí irú èyí kì í fi í ṣẹlẹ̀ sí yín?

Kunle_Geeti (Ìbàdàn), 8:03 alẹ́

Bàbá, ọmọ yín ni kẹ́ ẹ gbọ́ tiẹ̀. Ẹ má ṣẹ́ná sí i mọ́. Iná tẹ́ ẹ rí yẹn, omi ló ń sọ. Omi ti kún ìsàlẹ̀ fílítà dísù yín. Mo wà nídìí oúnjẹ, mò ń bọ̀ wá kọ èyí tó gùn.

Dereba_Atijo, 8:20 alẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ máa ń kó ìpayà bá èèyàn. Ọdún 1981 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ akẹ́rù 911, Ṣakí sí Èkó, pákó la máa ń kó. Bí ó bá ti ń fà tì-tì, karosíìnì lítà méjì ni, ká sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa lórí òkè, kó pọ gbogbo ìdọ̀tí ẹ̀ jáde. Èéfín dúdú á tú jáde, á sì balẹ̀. Ọkọ̀ dísù kì í kú bọ̀rọ̀. Bàbá Ẹlẹ́yin, ẹ gbọ́ ti mẹkáníìkì yín, ẹ̀yin àti ẹ̀ lẹ jọ mọ ara yín.

Kunle_Geeti, 9:11 alẹ́

Bàbá Dẹ́rẹ́bà, mo júbà o. Ẹ ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ṣùgbọ́n 911 kì í ṣe ẹgbẹ́ ọkọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Pọ́ǹpù 911 ń mu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì yẹn ló ń mú kí irin inú ẹ̀ máa yọ̀ lára wọn. Bí dísù bá fúyẹ́ díẹ̀, pọ́ǹpù ò ní mọ̀ ọ́n lára tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tuntun yìí, common rail ni, ìyẹn ni pé pọ́ǹpù kan ló ń fi agbára ti dísù sínú ọ̀pá kan tó ń pín in káàkiri ẹ́ńjìnnì. Pọ́ǹpù rẹ̀ kò ní ọ́ìlì kankan. Dísù tó ń gba inú ẹ̀ kọjá gan-an ni ọ́ìlì rẹ̀. Karosíìnì sì gbẹ, kò ní ọ̀rá bíi dísù. Ẹ bá da lítà márùn-ún sí i, irin á máa ha irin. Lúúlúú irin tó bá ha jáde, inú nọ́súlù, ẹnu tó ń fọ́n dísù sínú ẹ́ńjìnnì, ló ń lọ. Nọ́súlù 911 ń ṣí ní nǹkan bíi bar 200 (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí epo fi ń tì). Èyí ń ṣiṣẹ́ ní bar tó lé ní 1,500, ihò ẹnu ẹ̀ kò sì ju ẹnu irun lọ. Omi ńkọ́? Omi á gbóná níbẹ̀, á fọ́ ẹnu nọ́súlù bí ẹni fi òlù gbẹ́ ẹ, á sì dógùn-ún sí inú pọ́ǹpù. Mo ti tú ọ̀kan rí nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó pọ́n bí epo pupa.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe lọ́la rèé. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa rí fílítà dísù, ohun roboto tó ní ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ lórí, wáyà kan sì wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wáyà yẹn ló ń gbé ìròyìn omi lọ sí dáṣíbọọ̀dù. Ẹ gbé abọ́ funfun sábẹ́ ẹ̀. Ẹ tú ìdè kékeré tó wà nísàlẹ̀ fílítà, ẹ má tú u kúrò tán, yíyí kan tó. Ẹ wá máa fi ọwọ́ tẹ orí ẹ̀ títí omi á fi dá, tó jẹ́ dísù gidi nìkan ló ń jáde. Ẹ dè é padà. Ẹ tún máa tẹ̀ ẹ́ títí á fi le lọ́wọ́ yín. Ìgbà yẹn lẹ tó lè ṣẹ́ná.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó ṣẹ́ná, ẹ wo abọ́ yẹn. Bó bá jẹ́ omi díẹ̀ bí ṣíbí mélòó kan, ẹ dúpẹ́. Bó bá tó ife, omi wà nínú táńkì fúnra ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ já táńkì sílẹ̀, kí wọ́n tú gbogbo ẹ̀ dà. Kẹ́ ẹ sì ra fílítà tuntun, ojúlówó. Èyí tó fara jọ ọ́ pọ̀ ní ọjà páàtì Ládípọ̀ l'Ékòó àti lọ́dọ̀ wa ní Géètì n'Íbàdàn níbí. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, Géètì ni mo wà, mo sì ń sọ ọ́.

Aduke_Iseyin, 9:40 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Èmi, mẹ́tà yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò o. Táńkì Hilux yìí, lítà 80 ni. Ẹ ní abẹ́rẹ́ wà ní ìdá kan nínú mẹ́rin, ìyẹn ni pé bíi lítà 20 ṣì wà níbẹ̀. 20 pẹ̀lú 74, lítà 94. Níbo ni lítà 14 wọlé sí? Abẹ́ síìtì?

Wọ́n ta omi fún yín, wọ́n tún ta afẹ́fẹ́ lé e.

Tenka_Sagamu, 10:26 alẹ́

Àǹtí Àdùkẹ́, ìṣirò yín dáa, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ṣàtúnṣe díẹ̀. Abẹ́rẹ́ epo kì í ṣe òṣùwọ̀n. Bó bá wà ní ìdá kan nínú mẹ́rin, ó lè jẹ́ lítà 15, ó lè jẹ́ 22, bí ọkọ̀ bá sì dúró sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, irọ́ ló ń pa. Lẹ́yìn náà, bí dísù bá dé ọrùn táńkì, ó ṣì lè gbà tó lítà mélòó kan lórí 80. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní 66 tàbí 68, n ò ní wí nǹkan kan. 74, mẹ́tà ti jẹun.

Iṣẹ́ tẹ́ńkà ni mò ń ṣe, Ṣágámù ni mo fi ṣe ilé. Ibi tọ́rọ̀ yìí ti dùn mí ni pé bàbá fi ẹnu ara wọn sọ pé wọ́n ń já epo lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí tẹ́ńkà tó ń já epo ní ilé epo, ẹ máa lọ! Ẹ má rà, ì báà jẹ́ ilé epo tó lórúkọ. Omi máa ń wà nísàlẹ̀ táńkì abẹ́ ilẹ̀ gbogbo, pàápàá lásìkò òjò, torí dísù fúyẹ́ ju omi lọ, òkè ló ń léfòó sí. Bí omi bá dúró jẹ́ẹ́ nísàlẹ̀, pọ́ǹpù ò ní fà á, torí ẹnu rẹ̀ ga díẹ̀ sókè. Àmọ́ bí a bá ń tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà sí i, gbogbo ìsàlẹ̀ á rú, omi, yanrìn, ìpẹtà. Ẹ dúró ó kéré tán wákàtí mẹ́rin. Ọ̀la ló tilẹ̀ dára jù.

Ilé epo tó bá mọṣẹ́, àwọn fúnra wọn á dáwọ́ títà dúró. Wọ́n ní ọ̀dà kan tí wọ́n ń fi ra ẹnu ọ̀pá tí wọ́n ń tì bọ táńkì. Bó bá kan omi, àwọ̀ ẹ̀ á yí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ máníjà pé ìgbà wo ni wọ́n wọn omi gbẹ̀yìn. Bó bá fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ ti rí èsì.

Olu_Houston, 11:15 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ọ̀sán ni níbí. F-250 onídísù ni mò ń wà. Bàbá, ó jọ pé omi tó ń fọ èéfín ọkọ̀ yín ló ti tán. Gbogbo dísù tuntun ló ní táńkì kékeré tó ní ìdérí búlúù, ibẹ̀ lẹ ó da DEF sí, tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní AdBlue. Bó bá tán, ọkọ̀ ò ní fẹ́ rìn mọ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Kunle_Geeti, 11:31 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Olú, rárá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí bàbá lọ máa wá ìdérí búlúù kiri lóru yìí. Hilux tí àwọn tó ń ta tuntun ń kó wá síbí, èyí tí mo ti rí kò ní in. Àwọn tókúńbọ̀ tó ti Yúróòpù wá ló sábà máa ń ní in, pẹ̀lú fílítà èéfín tó wà lára sáílẹ́ǹsà. Bẹ́ ẹ bá ṣí ilé epo ara ọkọ̀, tẹ́ ẹ rí ìdérí kan ṣoṣo, ó ti tán nìyẹn. Iná tiẹ̀ náà yàtọ̀ sí ti omi.

Olu_Houston, Ọjọ́ Ajé, 12:02 òru

Ó dáa, mo gbà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí ni mo fi ń wo tiyín. Ní Amẹ́ríkà kò sí bí ẹ ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, òfin èéfín ni. Omi yẹn, yúríà ìdá 32.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni, omi mímọ́ ló kù. Àìmọ̀ ló ń jẹ́ káwọn kan dà á sínú táńkì dísù. Bẹ́ ẹ bá ṣe é pẹ́nrẹ́n, ẹ má ṣẹ́ná, ẹ pe ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀.

Nǹkan tó tiẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èmi náà kò jìnnà sí ti bàbá. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo ra ọkọ̀ mi, àbúrò ìyàwó mi lọ bá mi kún un. Ó rí ọwọ́ pọ́ǹpù aláwọ̀ ewé, ó ní dísù nìyẹn, torí ọ̀pọ̀ ilé epo níbí ló ń fi àwọ̀ ewé sàmì sí dísù. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń fi àwọ̀ ewé yẹn sí bẹntiróò! Gálọ́ọ̀nù 11 bẹntiróò ló dà sí i. Ọlọ́run ló ní kó wo rìsíìtì kó tó ṣẹ́ná. Owó tí mo fi tú táńkì nìkan ni mo san. Ká ní ó ti wà á délé ni, gbogbo ọ̀nà epo, láti pọ́ǹpù dé nọ́súlù, ni ǹ bá pààrọ̀, ìyẹn sì lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là. Látìgbà náà, orúkọ tó wà lára pọ́ǹpù ni mò ń kà, n kì í wo àwọ̀.

Bákan náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà níbí tẹ́ ẹ ní oko: dísù pupa kì í ṣe ti ojú títì. Wọn ò gbowó orí lé e, ìdí nìyẹn tó fi pọ́n, kí wọ́n lè dá a mọ̀. Bí wọ́n bá bá a nínú táńkì ọkọ̀ yín lójú ọ̀nà, owó ìtanràn ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1,000 dọ́là.

Dereba_Atijo, 6:05 àárọ̀

Mo ka gbogbo ẹ̀. Kúnlé, ọmọ mi, o sọ̀rọ̀ bí ẹni tó lọ sílé ìwé. Mo gbà fún ẹ lórí karosíìnì. Tẹ́lẹ̀ karosíìnì pọ́ọ́kú ni, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń dà á. Lónìí tó ti wọ́n gógó, ta ló fẹ́ dà á sí mọ́tò?

Àmọ́ kí bàbá máa jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ lójú kan fún ìṣẹ́jú 15 láàárọ̀ kó tó gbéra. Èyí, mi ò yí i padà.

Kunle_Geeti, 7:20 àárọ̀

Bàbá, ìṣẹ́jú kan tó fún tuntun yìí. 15 ń jẹ epo lásán, ó sì ń da èérí sínú ẹ́ńjìnnì, torí pé ara ẹ̀ kì í gbóná tó lójú kan. Kí wọ́n gbéra, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ jù fún kìlómítà mélòó kan àkọ́kọ́. Ìgbà tí wọ́n bá DÉ ló ṣe pàtàkì jù. Bí ẹ bá ti Ìbàdàn bọ̀ pẹ̀lú ẹrù, tí ẹ sáré, ẹ má pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mí fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí tọ́bò (fáànù tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì) lè tutù. Ọ́ìlì ló ń tu tọ́bò lára. Bẹ́ ẹ bá pa á nígbà tó ṣì ń pọ́n, ọ́ìlì inú ẹ̀ á jóná di èédú.

Iya_Eleja_Epe, 10:48 àárọ̀

Gbogbo yín ń sọ bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ẹ̀, ẹnì kan ò dáhùn ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá. Èmi ta onídísù tèmi, mo ra 2.7 oníbẹntiróò, oorun sì ń dùn mọ́ mi. Ẹja ni mò ń gbé, Ẹ̀pẹ́ sí Ajah, inú gó-síló ni mo máa ń wà jù. Nọ́súlù méjì ló bàjẹ́ nínú ọdún kan. Owó tí wọ́n dá lé ọ̀kan, tí mo bá dárúkọ ẹ̀, ẹ máa rò pé ilẹ̀ ni mo rà. Mẹkáníìkì bẹntiróò wà ní gbogbo kọ̀rọ̀. Ti dísù tuntun, kó tó mọ nǹkan tó ń ṣe é, á ti tú méjì dànù. Mi ò bú ẹnikẹ́ni o.

Aduke_Iseyin, 11:30 àárọ̀

Ìyá mi, ẹ ò jayò pa lórí Ẹ̀pẹ́ sí Ajah. Ìrìn kúkúrú àti gó-síló, bẹntiróò ló bá a mu. Ṣùgbọ́n bàbá ń rìn jìnnà, ẹrù sì ń wúwo. Ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ méjì ni mo ní, ọ̀kan bẹntiróò, ọ̀kan dísù, mo sì ń kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Bí wọ́n bá ti di ẹrù, ti bẹntiróò ń rin kìlómítà 7 lórí lítà kan, ti dísù ń rin 10, nígbà míì 11.

Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn, ká pè é ní 105 kìlómítà. Lílọ bíbọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, 420. Lítà 42 dísù nìyẹn, tàbí lítà 60 bẹntiróò. Ká ní dísù jẹ́ náírà 1,100, bẹntiróò 900 (ẹ fi iye ti àdúgbò yín rọ́pò rẹ̀): 46,200 sí 54,000. Ẹ jèrè 7,800 lọ́sẹ̀. Kí ọdún tó yípo, ó ti lé ní 400,000. Ibẹ̀ lẹ ti máa mú owó fílítà àti ọ́ìlì. Bí nọ́súlù kan bá wá bàjẹ́ torí epo burúkú, ó ti gbé gbogbo èrè yẹn lọ. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í torí náírà 35 yà sí ilé epo tí n ò mọ̀. Lórí lítà 74, kò tó 2,600 tẹ́ ẹ rò pé ẹ jèrè. Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe ń rà á: ilé epo méjì péré ni mo mọ̀, ọ̀kan ní Ìṣẹ́yìn, ọ̀kan ní Ìbàdàn. Mo máa ń mú ìgò omi funfun kan dání. Kí wọ́n tó fi ẹnu pọ́ǹpù bọ táńkì mi, wọ́n á kọ́kọ́ bá mi rọ ọ́ sínú ìgò. Mo máa gbé e sójú oòrùn. Ó gbọ́dọ̀ mọ́ kedere, kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kí n lè rí ọwọ́ ara mi lódì kejì. Bó bá rí bí omi ẹ̀kọ tútù, omi ti pò mọ́ ọn. Bó bá dúdú tó sì ń rùn bí taya tó jóná, pófáyà ni, èyí tí wọ́n fọ́ nínú igbó. Mo tún máa ń gbé ìgò yẹn sílé mọ́jú. Bí omi bá wà, ẹ máa rí ìlà rẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò láàárọ̀. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Onígò. Kò dùn mí.

Ara_Sakete, 2:15 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, láti Ìlú Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ ni. Níbí, gasoil là ń pè é. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un: ẹ má ra èyí tí wọ́n tò sínú ìgò àti kẹ́ẹ̀gì sẹ́bàá ọ̀nà, ì báà kù lítà kan. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi gbé bẹntiróò lánàá ni wọ́n fi ń gbé gasoil lónìí. Èyí tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ẹ̀ ti tó láti ba pọ́ǹpù jẹ́.

Ó tún ku ẹyọ kan: bí ọyẹ́ bá dé, ẹ máa yẹ fílítà afẹ́fẹ́ wò. Eruku ló ń dí i tí ọkọ̀ fi ń tú èéfín dúdú, tí wọ́n á sì ní nọ́súlù ló bàjẹ́.

Tenka_Sagamu, 3:40 ọ̀sán

Òótọ́ ni. Àti pé, ẹ má jẹ́ kí táńkì gbẹ kí ẹ tó rà á. Bó bá ti dé ìdajì, ẹ kún un, pàápàá tí ọkọ̀ bá máa sùn síta. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí epo nínú táńkì máa ń sun omi lóru, omi yẹn á sì ro sínú epo.

Baba_Eleyin, Ọjọ́rú, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti bọ́ nínú ẹ̀ o, àmọ́ kò rọrùn.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, èmi àti ọmọ mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé fóònù dání ó ń ka ọ̀rọ̀ Kúnlé fún mi bí ẹni ń ka Bíbélì. A gbé abọ́ tí ìyá ẹ̀ fi ń pò èlùbọ́ sábẹ́ ẹ̀ (ìyẹn náà di ìjà). Mo tú ìdè yẹn. Ohun tó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe dísù rárá. Omi ni, omi tó ní àwọ̀ tíì, yanrìn kéékèèké sì ń dán nísàlẹ̀ abọ́. Ó tó ife kan àbọ̀ kí ojúlówó dísù tó yọjú. Nítorí náà a ò ṣẹ́ná. Mo pe àwọn tó ta ọkọ̀ fún mi, wọ́n ní epo burúkú kò sí nínú ohun tí wàráńtì gbà. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ lọ, wọ́n já táńkì, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n pààrọ̀ fílítà, wọ́n fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́súlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì dáa. Ọ̀gá tó ṣe é ní bí mo bá ti wà á dé Ìbàdàn lọ́jọ́ Ẹtì yẹn ni, ọ̀rọ̀ míì là bá máa sọ.

Mo padà sí ilé epo yẹn. Wọ́n ní àwọn ò ta epo fún mi rí. Mi ò gba rìsíìtì, kí ni mo fẹ́ sọ?

Lónìí mo ra dísù níbi tí mo ti ń rà á tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìgò. Gbogbo ọmọ ilé epo ló ń wò mí. Ìgò yẹn wà lójú fèrèsé mi báyìí, ó mọ́ kedere.

Tenka_Sagamu, 6:52 ìrọ̀lẹ́

Ọpẹ́ ni. Nígbà míì, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì ya fọ́tò mẹ́tà. Ẹ̀ka NMDPRA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ilé epo, tó wà ní ìpínlẹ̀ ń gba ẹ̀sùn lórí omi inú epo àti mẹ́tà tó ń jẹun, ẹ̀rí ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

Kunle_Geeti, 7:05 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ kú oríire. Ẹ yọ omi fílítà wò lóṣooṣù, kí ẹ má dúró de iná. Ọ́ìlì, gbogbo 5,000 kìlómítà, ẹ má tẹ̀ lé ẹni tó bá ní 10,000. Ẹ sì má jẹ́ kí mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀ sún mọ́ ọn.

Dereba_Atijo, 7:30 ìrọ̀lẹ́

Kí ló ṣe mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀? Òun náà ń wá oúnjẹ òòjọ́.

Baba_Eleyin, 8:01 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ó ku ìbéèrè kan. Dísù olómi tí wọ́n tú jáde, kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ló kún, ó wà lẹ́yìn ilé adìyẹ. Ṣé kí n dà á sí jẹnẹrétọ̀?

Kunle_Geeti, 8:04 alẹ́

Rárá.

Dereba_Atijo, 8:10 alẹ́

Ẹ jẹ́ kó jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ rọra fa ti òkè, kí ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Jẹnẹrétọ̀ Líístà ògbólógbòó á mu ún láìwò yín.

Kunle_Geeti, 8:12 alẹ́

Bó bá jẹ́ Lister àtijọ́, ó dáa, Bàbá jàre. Bó bá jẹ́ tuntun, rárá.

Baba_Eleyin, 8:15 alẹ́

Tuntun ni tèmi.

Aduke_Iseyin, 8:21 alẹ́

Ẹ má dà á nù, bàbá, ẹ má sì dà á sílẹ̀ níbi tí adìyẹ ti ń mumi o. Ikán ti ń jẹ òpó àká ẹ̀gẹ́ mi láti ọjọ́ yìí, màá fi kun ún. Mo ń bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Èló lẹ fẹ́ gbà?

Baba_Eleyin, 8:24 alẹ́

Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo mẹ́ta wá fún mi, kí ẹ sì mú ìgò kan bíi tiyín dání. Tèmi ti fọ́ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ọmọ ló fọ́ ọ níbi tó ti ń gbé e sójú iná wò.